Àìsàn Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Rán Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, Sàláúdéènì, ló lẹ táyà jù lọ ní Ifọ́nyìntẹ̀dó kí ó tó kú. N kò sọ pé òun ló mọ̀ ọ́n lẹ̀ jù o. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ̀ ọ́n lẹ̀ jù ú lọ, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí bodè, kò sí ọ̀kadà tó ru ìrẹsì bọ̀ láti ọ̀hún tí kò ní gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà náà burú débi pé bí táyà kò bá jò ní àlọ, yóò jò ní àbọ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí Toheebat, àkọ́bí rẹ̀, ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúdú, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í bá ènìyàn jà. Èmi àbúrò rẹ̀ ni mo máa ń bá a ja ìjà tirẹ̀.

Èmi ni Jẹ̀mílátù. Ọṣẹ ni mo ń tà, opó ni mí, ilé mi àti ilé ẹ̀gbọ́n mi sì jọ kọjú síra ni. Ẹnu mi mú, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń sọ̀rọ̀ òkú bí ẹni ń bínú, ẹ má rò pé ẹ ṣì mí gbọ́, inú ló ń bí mi lóòótọ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ó sì bí mi nínú títí wọ inú sàréè.

Nínú ìlú wa, ilé ìwòsàn kékeré kan wà tó jẹ́ ti ìjọba. Ọjọ́ kan wà fún àwọn aláboyún, ọjọ́ kan wà fún abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí ọkùnrin má wá, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n bá rí níbẹ̀, kó tó délé ni wọ́n á ti máa bi í pé oṣù mélòó ni oyún rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọkùnrin wa fi ní ilé ìwòsàn tiwọn lọ́tọ̀, òdìkejì bodè ló sì wà. Bí wọ́n bá kọjá sí ọ̀hún, wọ́n á wọ fámasì. Ẹni tó ń ta oògùn gbọ́ Yorùbá díẹ̀, àwọn náà gbọ́ Faransé díẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan ibi tó ń dùn wọ́n, ìyẹn á na oògùn sí wọn. Kò mọ ìyá wọn, kò mọ àna wọn, kò sì ní pàdé wọn ní mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwa rò pé ìrẹsì ni gbogbo wọn ń lọ kó, a ò mọ̀ pé àìsàn ni àwọn mìíràn ń gbé lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń ra hóró oògùn kan níbẹ̀ nítorí ìtọ̀ rẹ̀ kì í ya dáadáa mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wá di oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti bodè pa.

Àwa kọ́kọ́ rò pé kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. A ti rí i rí kí wọ́n tì í lówùúrọ̀ kí wọ́n ṣí i nírọ̀lẹ́. Eléyìí le. Àwọn ọ̀kadà kò kọjá mọ́, àwọn tó sì ń yọ́ kọjá kì í dúró lẹ táyà níbi tí ojú ti lè tó wọn. Eruku bo ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń fẹ́ táyà. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ta ló ń ka iye ìgbà tí ènìyàn lọ sẹ́yìn ilé? Ìgbà tí iṣẹ́ tán tí gbogbo wa jókòó lásán ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé Sàláúdéènì kò lè jókòó pẹ́. Yóò dìde, yóò lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, yóò pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni ń dúró de ọkọ̀, yóò padà wá, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún dìde.

Bàrúwà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gẹrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, bi í pé ṣé ó gbin tòmátì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni, tó fi ń bomi rin ín bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi ti gba ẹ̀yìn ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, mo sì ti rí i tó fi ọwọ́ kan ti ògiri, tó di ojú, tí òógùn bò ó. Báwo ni obìnrin ṣe fẹ́ bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin léèrè nípa ìtọ̀? Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ojú kò lè gbà. Mo kàn bi í pé ṣé ara le. Ó ní ara òun le koko.

Láàárín ìgbà náà ni Nọ́ọ̀sì Ìbítóyè, tó ń ṣe àkóso ilé ìwòsàn wa, gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá sí abẹ́ ìbòji tó wà ní gáréèjì. Ọmọ ìlú wa ni. Ìyá rẹ̀ àti ìyá wa jọ ń ta gàrí lọ́jà ni. Ó ti ní kí wọ́n kéde káàkiri pé àwọn ọkùnrin ni òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn ọkùnrin wa gbọ́, wọ́n sì ṣe bí ọmọlúàbí: wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wá, wọ́n tò ó, wọ́n sì ní kí àwọn ìyàwó wọn lọ jókòó sórí rẹ̀. Àwọn fúnra wọn lọ sábẹ́ igi máńgòrò lókèèrè, wọ́n ń ta dráàfù. Mo pariwo mọ́ wọn pé ṣé àwọn kò rí i pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni. Bàrúwà dá mi lóhùn pé àwọn ìyàwó àwọn ń bá àwọn gbọ́ ọ.

Bí àwa obìnrin ṣe jókòó nìyẹn tí a ń gbọ́ nípa ẹ̀yà ara tí Ọlọ́run kò fún wa. Ìbítóyè ní kókó kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, pé bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, kókó náà lè máa wú, yóò sì máa fún ọ̀nà ìtọ̀ pa díẹ̀díẹ̀. Ó ní ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kò bá ya geere mọ́, tàbí tó ń dìde lemọ́lemọ́ lóru nítorí rẹ̀, kó tètè jẹ́ kí wọ́n yẹ òun wò, pé oògùn wà fún un, pé kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Mo wo Mẹ̀dínátù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó jókòó nítòsí mi. Ó tẹ orí ba, ó ń fi etí gèlè rẹ̀ wé ìka.

Mo gba ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ó ń lẹ túúbù kan tí kò sẹ́ni tó gbé e wá. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Ìbítóyè tí mo gbé lọ́rùn nígbà tí kò tíì lè rìn,” ó ní, “ṣé òun ni yóò wá máa bi mí bí mo ṣe ń tọ̀?”

Mo ní tí kì í bá ṣe Ìbítóyè, kó jẹ́ ẹlòmíràn, kí á lọ sí ọsibítù ńlá ní Ìlaròó. Ó ní kí n lọ ta ọṣẹ mi.

Oògùn tó rà ní ọ̀hún tán. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yọ́ kọjá pé kí wọ́n bá òun rà á. Ẹni tó ń sá fún ìbọn àwọn aṣọ́bodè kò rántí oògùn ẹlòmíràn. Ìgbà náà ló dá ọgbọ́n kan tó jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ìlú wa nìkan ló lè dá a. Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo bó ṣe ń ṣe òun fún un, bí ìtọ̀ ṣe ń ta á, bí ìsàlẹ̀ inú ṣe ń dùn ún, ó sì ní kó lọ sọ ọ́ fún Ìbítóyè bí ẹni pé ara tirẹ̀ ni.

Èmi kò mọ̀. Mo rí Mẹ̀dínátù tó wé gèlè lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, mo bi í pé kí ló ṣe é, ó ní ìtọ̀ ló ń ta òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo se ọbẹ̀ gbígbóná fún un. Lọ́jọ́ kejì mo tún wọlé láti wò ó. Mẹ̀dínátù ń fọṣọ kíkankíkan, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń da oògùn tí Ìbítóyè fún ìyàwó rẹ̀ sẹ́nu, ó ń fi omi lé e.

Mo bi wọ́n pé ta ló ń ṣàìsàn nínú ilé yìí gan-an. Mẹ̀dínátù ń fọ aṣọ rẹ̀ lọ. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ohun tí ọkọ rẹ̀ bá ní kó ṣe ló ń ṣe, a sì máa ń yìn ín fún bẹ́ẹ̀.

“Kí ló wá burú níbẹ̀?” ẹ̀gbọ́n mi ní. “Ìtọ̀ ni ìtọ̀, ti ọkùnrin ni, ti obìnrin ni.”

Mo pariwo lọ́jọ́ náà títí ọ̀fun fi dùn mí. Mo ní obìnrin kò ní kókó tí Ìbítóyè wí, báwo ni oògùn tí wọ́n fún obìnrin ṣe fẹ́ dé ibẹ̀? Ó ní òun ti lò ó, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn, pé ó ṣiṣẹ́ díẹ̀. Títa tó ń ta á dínkù. Ìtọ̀ kò ya jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò ta á mọ́. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ó tún rán Mẹ̀dínátù. Lẹ́yìn náà, ó tún rán an.

Mo ní èmi fúnra mi máa lọ bá Ìbítóyè. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí wọ yàrá, ó ní kí n jókòó, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé bí mo bá gbé ìhòòhò òun síta, òun kò ní àbúrò mọ́. Láti kékeré, kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Mo lọ bá Bàrúwà, mo ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yín, ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni yín, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Bàrúwà ti abẹ́ tó fi ń gẹrun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wò yíká. Ó ní kí n fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, pé àgbà ló ń dé, pé bó ṣe ń ṣe gbogbo àwọn nìyẹn. Gbogbo wọn! Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo àwọn àgbà ọkùnrin tó jókòó lábẹ́ igi, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ bẹ̀ nínú wọn.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀. Ẹnu tó mẹ́nu jù ló kó ọ̀ràn bá a.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ara ń yún un, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó sì ń sùn lọ́sàn-án gangan lórí àga. Ó ní ọyẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni òwúrọ̀ kan dé tí ìtọ̀ kò wá rárá. Mo gbọ́ ohùn Mẹ̀dínátù, mo sáré kọjá sí ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílẹ̀, ó ń yí, ikùn rẹ̀ le, ó sì yọ síwájú. Ó wò mí lójú, ó ní kí a gbé òun lọ síbikíbi tí a bá fẹ́. Gbogbo ohun tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ fún láti ọjọ́ yìí, ó gbà á lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀, n kò sì láyọ̀ rárá.

Mo sáré pe Ìbítóyè, ó sì sáré wá. Ó gbìyànjú láti ti rọ́bà kékeré kan wọ ojú ìtọ̀ rẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde, rọ́bà náà kò kọjá. Ó ní Ìlaròó, kíákíá. Kò bi wá ní ìbéèrè kankan. Ó kàn tẹjú mọ́ Mẹ̀dínátù.

Ọdẹkúnlé aládùúgbò wa ní mọ́tò, ṣùgbọ́n mọ́tò kò ní epo. Wọ́n ti pàṣẹ pé kí epo má ṣe dé àwọn ilé epo tó wà nítòsí bodè mọ́, nítorí pé wọ́n ní wọ́n ń kó o sá lọ sí ọ̀hún. Ilé epo wa ti gbẹ. Mo gbé kẹ́gì, mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn tó ní epo nílé ń bẹ̀rù láti sọ pé àwọn ní in, nítorí ẹni tí wọ́n bá epo lọ́wọ́ rẹ̀, onífàyàwọ́ ni wọ́n máa pè é. Mo bẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ìhòòhò tó ní kí n má gbé síta, mo gbé e káàkiri Ifọ́nyìntẹ̀dó lọ́jọ́ náà. Oòrùn ti wà lókè orí kí n tó rí èyí tó lè gbé wa débẹ̀.

Ojú ọ̀nà kún fún àwọn aláṣọ ìjọba. A ò tíì sáré dáadáa, a ti dúró. Wọ́n ní kí a ṣí bọ́ọ̀tù, a ṣí i. Wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá yọjú rí i, wọ́n á ní kí a máa lọ kíá, ṣùgbọ́n títí wọ́n á fi yọjú, a ti dúró náà nìyẹn. N kò bú wọn, iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni wọ́n ń jẹ́. Èmi tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́nu, orí ẹ̀gbọ́n mi wà lórí itan mi, gbogbo ohun tí mo lè sọ kò ju pẹ̀lẹ́ lọ.

Ní ọsibítù ńlá, wọ́n dù ú, wọ́n rí rọ́bà tì wọlé, ìtọ̀ sì ń dà. Ojú ẹ̀gbọ́n mi tú ká, ó sì sùn lọ. Mo rò pé ó parí. Mo tilẹ̀ ti ń múra èébú tí n ó bú u bó bá jí. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà dé, dókítà pè wá jókòó. Ó ní omi tí kò rí ọ̀nà jáde ti padà sẹ́yìn, ó ti ba kíndìnrín méjèèjì jẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Ó bi wá pé ìgbà wo ni baálé yìí ti ń ṣàìsàn, kí ló dé tí kò wá.

Wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà. A gbé e lọ, a gbé e bọ̀. Agbára wa kò gbé owó ẹ̀rọ náà. Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, àwa sì wo àìsàn náà títí a fi rí i pé kì í ṣe òun la ń wò mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí a gbé òun lọ sílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a gbé àga rẹ̀ síta sábẹ́ òrùlé. Mẹ̀dínátù ń fún un ní ẹ̀kọ mímu, èmi sì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Ó ti rù débi pé èjìká rẹ̀ yọ nínú bùbá. Ó mu ẹ̀kọ náà díẹ̀, ó yí ojú kúrò.

“Ìyá Toheebat,” ó ní, “ìgbà tí mo kọ́kọ́ rán ẹ sí Ìbítóyè, kí ló bi ẹ́?”

Mẹ̀dínátù ń ro ẹ̀kọ. “Ó bi mí bó ṣe ń ṣe mí. Mo sọ ọ́ bí ẹ ṣe ní n sọ ọ́.”

“Kò bi ẹ́ ní nǹkan mìíràn?”

Mẹ̀dínátù tẹjú mọ́ ẹ̀kọ. Mo dá abẹ̀bẹ̀ dúró.

“Ó bi mí pé ṣé irú ẹ̀ ń ṣe ọkọ mi,” ó ní. “Ó ní bó bá ń ṣe é, kí n sọ fún òun. Pé bí ojú bá ń tì yín láti wá, òun á wá bá yín nílé bí ẹni wá kí yín lásán, ẹnì kan ò ní mọ̀.”

“Kí lo wá wí?”

“Mo ní ara ọkọ mi le.” Omijé ti ń bọ́ sínú ẹ̀kọ. “Gbogbo ìgbà tí mo lọ ló ń bi mí, Bàbá Toheebat. Gbogbo ìgbà. Ẹ̀yin lẹ ní n má dárúkọ yín.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè wò ó. N kò rí ìbínú lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

“O jíṣẹ́ tí mo rán ẹ,” ó ní. “O jẹ́ ẹ bí mo ṣe rán ẹ gẹ́lẹ́.”

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e la sin ín.